Ọ̀nà Etí Omi Tó Lọ Sọ́dọ̀ Ìyá Kékeré

Dókítà ló fà á tí mo fi di ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe pé ó dárúkọ kẹ̀kẹ́ gan-an. Ohun tó sọ ni pé tàǹsíọ̀n mi, ìyẹn ìfúnpá mi, ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, pé kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì wá nǹkan kan tí yóò máa mú mi làágùn láàárín ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Adja-Ouèrè, èdè Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Iṣẹ́ ìdúró ni, kì í ṣe iṣẹ́ òógùn. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa fẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n kò sí bí obìnrin ṣe lè máa fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú ilé àwọn èèyàn níbí láìgbé nǹkan kan lórí, kí wọ́n má bi í pé ta ló kú tàbí ta ló ń ṣàìsàn. Mo máa ń dúró, mo máa ń dáhùn, mo máa ń kí wọn títí dé orí ọmọ ọwọ́. Mo ń padà sílé láìlàágùn rárá.

Porto-Novo ni mo ti ra kẹ̀kẹ́ náà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àwọn àlòkù tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó dé láti ìlú òyìnbó. Ó to àwọn kẹ̀kẹ́ jọ lé ara wọn bí igi ìdáná. Èyí tí mo mú, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò, táyà rẹ̀ nípọn, ó sì rí kángunkàngun kó lè di ilẹ̀ mú. Ọkùnrin náà sọ fún mi pé orí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ ni àwọn òyìnbó ti ń gun irú rẹ̀, létí odò, láàárín oko, níbi tí kò sí ọ̀dà. Ó ní wọn kì í gbé ẹrù lọ, wọn kì í sì í gbé ẹrù bọ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n wá ń lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀, kẹ̀kẹ́ lòun ń tà ní tòun.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún jáde, àwọn zẹ́mijàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní oríta bi mí bóyá alùpùpù mi ti bàjẹ́ ni. Mo ní ó wà nílé, kò bàjẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni, òun mọ ẹnì kan tó mọ iṣẹ́. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó dẹ́kun ìbéèrè. Nígbà tó yá, mo di ọ̀kan lára àwọn nǹkan tí wọ́n máa ń rí láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń rí ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kọjá.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń lọ. Mo máa ń gba ìhà Oko-Akarè, lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí òjò ti gbẹ́ lójú, ọ̀pẹ lápá ọ̀tún, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lápá òsì. Bí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ díẹ̀ sí i, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dà sísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa yí padà. Pupa á di àwọ̀ eérú, eérú á wá di dúdú. Ilẹ̀ dúdú yìí ni àwọn ará ìta fi mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Bí òjò bá rọ̀, á gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á le, á sì sán, sísán rẹ̀ á fẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ àgùntàn lè há sínú rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ yẹn ni kánáàlì wà. Wọ́n gbẹ́ ẹ nígbà kan kí omi lè máa kúrò lórí oko ìrẹsì. Oko ìrẹsì náà kò fi bẹ́ẹ̀ yọrí sí rere, ṣùgbọ́n omi ṣì wà níbẹ̀, ó lọ tààrà bí ìlà tí a fi rúlà fà. Erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde ni wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì di ọ̀nà: òkè tóóró kan, omi lápá kan, àbàtà lápá kejì. Alùpùpù kì í gbà á, nítorí ó fún, àwọn ibi kan sì wà tó jẹ́ pé ìtì ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe afárá. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń lò ó, àti màlúù àwọn Fúlàní. Kẹ̀kẹ́ mi bá a mu. Bí mo bá wà níbẹ̀, ìró òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà ni mo máa ń gbọ́, àti ìró ẹja tó bá fò sókè tó tún padà sínú omi. Àwọn lékeléke máa ń dúró dè mí títí mo fi máa sún mọ́ wọn gan-an, wọ́n á wá fò, wọ́n á tún bà síwájú díẹ̀, bí ẹni pé wọn kò retí pé mo tún máa débẹ̀.

Níbi tí kánáàlì náà parí sí, àwọn kòtò ẹja ló kàn. Àwọn ará etí odò ló gbẹ́ wọn gígùn gígùn. Odò Ouémé á kún wọ inú wọn, nígbà tó bá sì fà padà, ẹja á ṣẹ́kù síbẹ̀ fún ẹni tó gbẹ́ kòtò náà. Lẹ́yìn àwọn kòtò yìí ni odò fúnra rẹ̀, àti abúlé kékeré kan létí rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀, obìnrin kan ń yí ẹja padà lórí ààrò, èéfín bo ojú rẹ̀. Ó wo kẹ̀kẹ́ mi, ó wo ṣòkòtò mi, ó wá wo ojú mi, ó sì pè mí ní orúkọ tí kìkì àwọn ará ilé wa ń pè mí. Ìyá Kékeré ni.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Ìyá mi ni ìyálé, òun ló bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi. Èkejì ni a ń pè ní Ìyá Kékeré. Ọmọ etí odò ni. Bàbá mi rí i nígbà tó ń lọ ra ẹja níbẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ wá sí Adja-Ouèrè, níbi tí kò ti sí odò. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Gàbọ́ọ̀nù ni ọmọ náà ń gbé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni àwọn obìnrin méjèèjì ti jọ wà nínú agbo ilé kan. Wọn kò ṣọ̀rẹ́, wọn kò sì jà. Wọ́n pín ọjọ́ ìdáná, wọ́n pín igi, wọ́n pín iṣẹ́ epo pupa: Ìyá Kékeré ló ń sè é, ìyá mi ló ń rù ú lọ tà ní Ikpinlè. Nígbà tí bàbá wa kú, inú yàrá kan náà ni wọ́n ti ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, Ìyá Kékeré di ẹrù rẹ̀, ó dágbére fún gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Kò sì sẹ́ni tó ní kó dúró. Láti ìgbà náà a kò fojú kàn án mọ́, gbogbo wa sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ó fún mi lómi, ó fún mi ní àpótí jókòó. Ó béèrè gbogbo èèyàn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí wọ́n ti kú lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì mọ̀. Ìyá mi ló béèrè kẹ́yìn. Mo ní ara rẹ̀ le. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó fi ewé di ẹja yíyan kan, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, ó ní kí n gbé e fún ìyálé òun. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa bá a sọ. Ó ní ẹja náà ti tó.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, n kò tíì sọ ibi tí mo ti rí i tó fi tú ewé náà, tó gbóòórùn ẹja, tó ní, “Ọwọ́ rẹ̀ nìyí.” Ó sè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìgò epo pupa kan sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mi láàárọ̀, ó sì padà wọlé. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń gbé ẹja bọ̀, tó ń gbé epo lọ. Epo dára, ẹja dára, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo tó bá wọn rìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Ó bi mí bí ọ̀nà etí kánáàlì yẹn ṣe fẹ̀ tó. Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó bi mí bóyá èèyàn lè fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé àníyàn mi ló ń ṣe. Ó da ẹ̀wà tó ti ṣà sínú abọ́, ó ní, “Kọ́ mi.”

Mo ní, “Kí n kọ́ yín ní kí ni, Màámi?”

“Kẹ̀kẹ́.”

Orí ìyá mi ti funfun nígbà náà, ó ti fi iṣẹ́ ọjà sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà tó rọrùn ju ìyẹn lọ wà: ẹ̀gbọ́n mi lè fi alùpùpù gbé e gba ọ̀nà ọlọ́dà, kí wọ́n yí gba Sakété lọ sí ìhà Bonou, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí odò láti ibẹ̀. Ó ní òun mọ ọ̀nà yẹn. Mo rántí pé ó ti ṣubú lórí alùpùpù rí nígbà tó ń bọ̀ láti Ikpinlè, àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀, mo sì bi í bóyá ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní kì í ṣe ìyẹn.

“Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi lọ,” ló wí. “Ẹni tó bá gbé mi lọ á dúró dè mí. Á fẹ́ mọ ohun tí mo bá lọ. Mo fẹ́ fúnra mi lọ.”

N kò bi í ní ohun tó ń bá lọ. Mo wá kẹ̀kẹ́ kékeré kan fún un, èyí tí kò ní ọ̀pá irin láàárín, mo sì ní kí wọ́n fi táyà tó nípọn sí i. Pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì la ti bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Lọ́jọ́ kìíní, ṣéènì gbé ìró rẹ̀ mì, ó sì fà á ya. Ó wo gírísì tó wà lára aṣọ náà, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ aránṣọ pé kó fi rán ṣòkòtò fún òun. Kò wọ ṣòkòtò rí láyé rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ sábẹ́ bùbá, ó rìn yí inú yàrá ká, ó jókòó, ó dìde, ó ní kò burú.

Ó máa ń ṣubú láìsọ̀rọ̀. Á dìde, á gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù, á sì dúró máa wo kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó kọ̀ láti wọlé. Èmi ni mo ń di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, mo ń sáré tẹ̀ lé e, òógùn tí dókítà ń wá sì ń bọ́ lára mi. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé èmi gan-an ni mo ń ti òun ṣubú. Mo fi í sílẹ̀. Ó lọ gbọnrangandan títí dé ìdí igi máńgòrò tó wà ní òpin pápá, ó sì fi apá méjèèjì gbá igi náà mú, nítorí a kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ni olórí ilé wa láti ìgbà tí bàbá ti kú. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó wá bá wa nínú ilé, ó sì sọ tirẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí kì í ṣe aláriwo. Ó ní àwọn èèyàn ń bi òun bóyá àwọn ọmọ kò tọ́jú ìyá wọn mọ́ ni. Ó ní àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì òun, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, pe òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ ṣòkòtò. Ó ní opó ni Màámi, pé bí wọ́n bá ṣubú tí egungun wọn ṣẹ́, òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi, kì í ṣe èmi. Gbogbo ohun tó sọ ló mọ́gbọ́n dání. Ìyá mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ó ní, “Nígbà tí mo ń ru epo lọ sí Ikpinlè, àwọn èèyàn yẹn náà ń wò mí. Ṣé wọ́n bi ọ́ nígbà náà?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní wọn kò bi òun. Ó dìde, ó kí wa, ó lọ. Fún ìgbà díẹ̀, kò wá kí ìyá mi láàárọ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń rán wá.

A dúró títí ọyẹ́ fi dé, tí ilẹ̀ dúdú fi gbẹ dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ, ìkùukùu bo orí àwọn ọ̀pẹ, a kò sì rí jìnnà. Ìyá mi di gaàrí àti àkàrà sínú aṣọ, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní kó máa lọ níwájú kí n lè máa rí i. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko Oko-Akarè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Ẹnì kan kí i, ìyá mi dáhùn, ṣùgbọ́n kò yíjú, nítorí bó bá yíjú, kẹ̀kẹ́ náà máa ń yí tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti dà sísàlẹ̀, ó fún ìjánu mọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà, ìjánu náà ń han, a sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sìnkú.

Lórí etí kánáàlì, a pàdé màlúù. Wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ọ̀nà tóóró yẹn, wọ́n ń bọ̀ wá mumi, kò sì sí ibi tí a lè yà sí. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀, ó dúró. Àwọn màlúù náà ń kọjá, ìwo wọn ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lápá, darandaran kan tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó kí wa ní Faransé. Màlúù tó kẹ́yìn ló fi ìbàdí ti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun tì í. Kẹ̀kẹ́ àti ìyá mi jọ yọ̀ lọ sínú kánáàlì.

Omi náà kò jìn, ó mu ún dé ìbàdí. Mo ju kẹ̀kẹ́ tèmi sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, darandaran náà sì sáré padà. Àwa méjèèjì fà á jáde, lẹ́yìn náà a fa kẹ̀kẹ́ jáde. Gaàrí ti lọ. Ìyá mi jókòó lórí koríko, ẹrẹ̀ dúdú dé àyà rẹ̀, ó ń fi ìka yọ ẹrẹ̀ kúrò nínú etí rẹ̀ kan. Mo yẹ apá rẹ̀ wò, mo yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí ohun tó ṣẹ́. Mo ní kí a padà sílé. Mo sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó béèrè èwo ló jìnnà jù nínú ilé àti odò. Mo ní ilé.

Ó ní, “Aṣọ mi ti tutù náà. Jẹ́ ká lọ.”

Bí a ṣe dé abúlé etí odò nìyẹn. Ìyá Kékeré wà nídìí ààrò rẹ̀. Ó rí kẹ̀kẹ́ méjì lọ́ọ̀ọ́kán, ó dìde, nígbà tó sì rí ẹni tó wà lórí ti iwájú, ó kúnlẹ̀ níbi tó wà. Ìyá mi kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kíni lórí kẹ̀kẹ́. Ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó wá ní kó dìde, pé ilẹ̀ gbóná. Ìyá Kékeré kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ rẹ̀. Ó pọnmi fún un, ó fún un ní ìró mìíràn, ó fọ ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀, ó sì sá a sórí àwọ̀n ẹja tó wà lórí okùn. A jẹun. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹja, nípa ọmọ tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù, nípa omi tó gbé ilé àwọn kan lọ ní ìhà kejì odò. Mo rò pé ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ti yí, ìyá mi ní, “Ohun kan ni mo wá bi ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kí ló sọ?”

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni bàbá mi kú. Ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò pé ọjọ́ yẹn ni. Ìyá mi wà ní Ikpinlè pẹ̀lú epo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà lóko, mo wà ní kíláàsì. Ìyá Kékeré nìkan ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wá sílé wa lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè oríṣiríṣi nǹkan, ṣùgbọ́n mo wá rí i nísinsìnyí pé ìyá mi kò béèrè ohunkóhun.

Ìyá Kékeré kò béèrè ọjọ́ tó ń sọ. Ó yí ẹja kan padà, ó yí òmíràn.

Ó ní, “Ó ní kí n fún òun lómi. Mo fún un, ó mu díẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ti so ewúrẹ́, mo ní wọ́n ti so ó. Ó wá béèrè yín. Mo ní ẹ wà lọ́jà, pé ẹ ò ní pẹ́ dé. Ó ní ó dáa. Ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé ó fẹ́ sùn ni.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan ni, ìyálé mi.”

Ìyá mi mi orí. Ọkọ̀ ọpọ́n kan ń kọjá lórí odò, igi ìdáná kún inú rẹ̀, obìnrin tó ń tù ú kí àwọn tó wà létí omi. Ìyá Kékeré ló tún sọ̀rọ̀.

“Ẹ ò bi mí nígbà náà. Gbogbo ìgbà ọ̀fọ̀ a jọ wà nínú yàrá kan, ẹ ò bi mí. Mo rò pé ẹ gbà pé mi ò tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ni mo fi lọ.”

Ìyá mi ní, “Mo rò pé ó bá ọ sọ nǹkan kan tó jẹ́ tìrẹ. Mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ.”

Kò sí èyí tó sunkún nínú wọn. Ìyá Kékeré dìde, ó lọ yẹ ṣòkòtò tó sá wò, ó ní kò tíì gbẹ, pé ìyálé òun kò lè lọ lónìí. Ìyá mi ní òun kò sọ pé òun fẹ́ lọ lónìí.

Èmi nìkan ni mo gun kẹ̀kẹ́ padà. Ojú ọ̀nà náà rí bó ṣe máa ń rí, omi lápá kan, àbàtà lápá kejì, àmì ibi tí ìyá mi ti yọ̀ wà lórí koríko. Mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní Màámi wà lọ́dọ̀ Ìyá Kékeré, pé wọ́n máa sùn síbẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣubú. Mo ní wọ́n ṣubú, egungun kankan kò ṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ mélòó kan kọjá tí ìyá mi kò dé, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó gba ọ̀nà ọlọ́dà, ó yí gba Bonou, ó lọ láti gbé e wálé. Wọ́n fún un ní ẹja jẹ. Ìyá mi ní kó máa padà lọ, òun á wá nígbà tí òun bá ṣe tán. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹja tó kún àpò. Ó sọ fún mi pé ara Màámi yá, pé orí ẹní kan náà làwọn méjèèjì ń sùn. Láti ìgbà náà kò dárúkọ ṣòkòtò mọ́.

Kíláàsì ni mo wà lọ́jọ́ tí ìyá mi padà dé. Mo ń kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń kùn, mo sì wo ojú fèrèsé. Ìyá mi ń kọjá lójú títì, ó jókòó gbọnrangandan lórí kẹ̀kẹ́, ẹrù so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn zẹ́mijàn ń yà fún un lọ́tùn-ún lósì. Òun nìkan ni. Ó ti gba gbogbo etí kánáàlì àti àwọn afárá ìtì ọ̀pẹ yẹn kọjá láìsí ẹnì kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ kan béèrè bóyá ìyá Màdáàmù nìyẹn. Mo ní òun ni, mo sì parí gbólóhùn náà.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, kí ilẹ̀ dúdú tó dí ọ̀nà, ó tún lọ, ó sì mú Ìyá Kékeré bọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Wọ́n to ẹrù Ìyá Kékeré sórí kẹ̀kẹ́, ìyá mi ń tì í níwájú, Ìyá Kékeré ń di ẹrù mú lẹ́yìn. Yàrá rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà, àgbàdo la ń kó sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n kó àgbàdo jáde, ó sì gun orí ilé fúnra rẹ̀ lọ kan páànù tó ti ṣí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà nìyẹn. Lójò, Ìyá Kékeré wà pẹ̀lú wa. Bí omi bá ti fà, tí ẹja bá kù sínú kòtò, á padà sí etí odò, ìyá mi á sì máa gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a. Orúnkún ìyá mi kò dára mọ́ báyìí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà púpọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń ti kẹ̀kẹ́ náà, mo sì ń bá a rìn. Ó ní tó bá di pé òun kò lè lọ mọ́, Ìyá Kékeré á máa wá lẹ́ẹ̀rùn pẹ̀lú. Ìyá Kékeré ní òun kò tíì gbà bẹ́ẹ̀, pé ta ni yóò máa kó ẹja inú kòtò òun.

Lánàá, mo yà kí wọn nígbà tí mo ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ̀. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n sì ń jiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi sè é, ẹja ni tàbí ẹran. Ìyá mi ní kí n dá sí i. Mo ní n kò ní dá sí i. Wọ́n ń bá a lọ nígbà tí mo fi wọ́n sílẹ̀.